Ohun Tí Ìwé Adájọ́ Kò Lè Tú

Lemọ́lemọ́ ni àwọn ènìyàn ń mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí adájọ́ ti lu òǹtẹ̀ wá bá èmi àlùfáà Kátólíìkì ní Kétu, tí wọ́n á ní kí n dá ọjọ́ tí n ó so àwọn àti ẹlòmíràn pọ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ dé kóòtù: mọ̀lẹ́bí ìyàwó dá owó orí padà, wọ́n sì gbà pé ó parí síbẹ̀.

Ìjọba mọ ìwé adájọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwa Kátólíìkì, bí ẹni méjì tó ti ṣe ìrìbọmi bá ṣègbéyàwó bó ti tọ́, tí wọ́n sì ti jọ sùn bí tọkọtaya, ikú nìkan ló lè tú u. Òfin 1141 nínú ìwé òfin Ìjọ ti 1983 kò fi àyè sílẹ̀ fún agbára ènìyàn kankan. Ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì gbà, nítorí Mátíù 19:9, pé ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣe àgbèrè lè tún ìgbéyàwó ṣe. N kò bá wọn jà, àmọ́ ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ tiwa, òfin tiwa ló dè é.

Ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni kí ẹ fi ọkàn sí. Kóòtù Ìjọ kì í kọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Ó ń wádìí bóyá ìgbéyàwó wà rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ọmọbìnrin náà gbà tọkàntọkàn, àbí ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló mú un sọ pé òun gbà? Ṣé ọkùnrin náà ti pinnu nínú ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun yóò fẹ́ èkejì? Ìdí nìyí tí a fi ń pe àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, títí kan obìnrin tó ran aṣọ ìyàwó tó sì rí i tó ń sunkún. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò tó ẹ̀rí, bó ti wù kó gbóná tó. Láti ìgbà tí Pópù Francis ti tún ètò yìí ṣe ní 2015, ìdájọ́ kan ṣoṣo pé ìgbéyàwó kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ti tó, bí ẹnikẹ́ni kò bá pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ ni èyí, a kì í fi àlá ṣe é. Àwọn tó ń pe ara wọn ní wòlíì, tí wọ́n ń sọ fún aya aláya pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ìpín rẹ̀, ń ba ilé jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gba owó àbẹ́là àti òróró lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta gàrí, ó sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí oṣù tó kú. Ọkọ tí kò nà án rí ni ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, obìnrin mìíràn ti lóyún nínú ilé náà. Ó bẹ̀ mí kí n bá a kọ̀wé sí kóòtù Ìjọ, mo wádìí, gbogbo ẹlẹ́rìí sì sọ pé wọ́n fẹ́ra wọn dénúdénú. N kò rí ohun kan tí mo lè kọ.

Ẹni tí ọkọ ń lù débi tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kó jáde lónìí. Òfin 1153 fún un láyè, kò sì dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ mú ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó ìjọ àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ lọ bá àlùfáà rẹ̀, kó tó gba ẹnikẹ́ni sílé.