Ohun Tí Ẹ̀rọ Ń Rí Lára Ike, Àti Èyí Tí Kò Lè Rí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àmì onígun-mẹ́ta tó wà nídìí ike ni ẹ̀rọ ìṣa-pàǹtírí ń kà. Rárá o, kì í tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, irú èyí tí ojú wa kò lè rí, tí William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ṣàwárí rẹ̀ lọ́dún 1800 níbi tó ti ń wọn ooru ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Orí bẹ́líìtì tó ń sáré bíi mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni pàǹtírí máa ń gbà kọjá, iná alágbára á sì máa tàn sí i. Nínú ike, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn so mọ́ra, ìsopọ̀ wọn a sì máa gbọ̀n. Ìgbọ̀n yìí ló ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ náà mì, ìyókù á sì ta padà. Èyí tí PET, ike ìgò omi, ń gbé mì yàtọ̀ sí èyí tí PP, tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìdérí, ń gbé mì. Ẹ̀rọ á yẹ èyí tó padà wá wò, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ láti nǹkan bíi 900 sí 1,700 nánómítà (ìdá bílíọ̀nù mítà kan ni nánómítà), á sì ti mọ irú ike náà kó tó dé etí bẹ́líìtì. Afẹ́fẹ́ á tú pùù, ike á fò sínú àpótí tirẹ̀.

PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ni àwa tó ń ṣa pàǹtírí máa ń ṣọ́ jù. Ó lè jọ PET lójú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń yọ́ ike láti tún un lò, PET kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius. PVC á ti bàjẹ́ kó tó dé ibẹ̀, á sì ti tú gáàsì ásíìdì tó ń ba PET àti irin ẹ̀rọ jẹ́.

Ike dúdú ló ń dá wa lágara. Ẹ̀dú lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n sábà fi ń pa á láró, ẹ̀dú kì í sì í dá ìmọ́lẹ̀ yìí padà. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ sábà máa ń dúdú, torí náà lójú ẹ̀rọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ike tó dára ṣe ń bá ẹ̀gbin lọ nìyẹn. Aró dúdú tí kò ní ẹ̀dú wà, lójú tèmi àwọn tó ń ṣe ike ló yẹ kó kọ́kọ́ yí padà, kì í ṣe àwa tó ń ṣà á.

Ara òde nìkan ni ẹ̀rọ ń kà. Ìgò tí wọ́n fi ọ̀rá mìíràn wé látòkè délẹ̀, orúkọ ọ̀rá yẹn ló máa jẹ́, torí náà ẹ bọ́ ọ kúrò. Ẹ da omi inú ìgò nù pẹ̀lú: omi náà ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì, ìgò tó bá sì wúwo, afẹ́fẹ́ lè má gbé e.