Ìkòkò Aró Ọ̀ṣun: Níbi Tí Àwọ̀ Òru Inú Àwòrán Òṣogbo Ti Ṣẹ̀

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò Ọ̀ṣun lásìkò òjò, kí ẹ wo omi náà dáadáa. Ó pupa rúsúrúsú, ó sì ń gbé ewé gbígbẹ lọ. Kò sí àmì aró kankan lára rẹ̀. Ẹ wá yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwòrán nílùú wa, kí ẹ wo odò kan náà bí wọ́n ṣe yà á lóru. Aró ni! Ó ki lábẹ́ igi, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ó sì wá di àyìnrín níbi tí òṣùpá ti kan omi. Ta ló kọ́kọ́ fi aró kun odò yìí?

Àwọn aláró ni. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yìí dó. Lárọ́ọ̀yè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé, wọ́n ń wá omi. Wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi sì wó lu omi. Ni ohùn kan bá jáde láti inú ibú pé, “Oṣó igbó, ẹ rọra o! Ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi tán!” Láti inú “oṣó igbó” yìí ni orúkọ Òṣogbo ti jáde. Àwọn kan ní àlàyé mìíràn lórí orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò aró nínú tiwọn, ìyẹn ni kò fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìkòkò aró? Ìkòkò ọbẹ̀ ì bá fọ́, ìkòkò omi ì bá fọ́. Èrò tèmi ni pé àwọn obìnrin aláró ti wà ní bèbè odò yẹn kí àwọn ará Ìpólé tó dé. Omi wà níbẹ̀, igi tí wọn yóò sun di eérú wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí èlú, igi tí wọ́n ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró, ń hù sí wà níbẹ̀. Àwọn ni igi wó lu ọjà wọn. Mi ò fi èyí bu òrìṣà kù o: Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ni olórí aláró nínú ìtàn wa, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà létí omi rẹ̀ sì ń ṣe é lórúkọ rẹ̀. Bí ìkòkò wọ̀nyẹn bá sì fọ́ sómi lóòótọ́, a jẹ́ pé odò náà dúdú láró lọ́jọ́ náà, àwọn tó dúró ní bèbè sì rí i. Mo gbà pé ohun tí ojú wọn rí lọ́jọ́ náà ni àwọn ayàwòrán ṣì ń yà.

Èdè wa pàápàá gbè mí lẹ́yìn. Àwọn àgbà kì í ya aró sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Aṣọ tó bá mu aró yó, aṣọ dúdú ni wọ́n ń pè é. Òru dúdú, aró dúdú. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékèélékèé ló lẹfun: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti agbe nìkan ló bá òru mu.

Mo dúró ti ìyá aláró kan rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Bí màmá ṣe fa aṣọ náà jáde, àwọ̀ ewé ló ní. Afẹ́fẹ́ kàn án, ó yí padà lójú mi, ó di aró. Ìyá tún rẹ ẹ́, ó tún jinlẹ̀ sí i. Bí òru ṣe ń ṣú lórí odò gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń fi àbẹ́là yàwòrán sórí aṣọ ń lo ọgbọ́n kan náà. Ibi tí wọ́n bá fi àbẹ́là yíyọ́ bò kí aṣọ tó kan aró rárá ni yóò di òṣùpá. Ibi tí wọ́n bò lẹ́yìn ìrẹ̀ àkọ́kọ́ yóò dúró ní àyìnrín, òun ni omi. Èyí tó wọ aró lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún ni igbó. Àbẹ́là á sì máa sán, aró á wọ ibi tó sán, á di ìlà tín-ín-rín bí ìgbà tí omi ń mì. Ìdí nìyí tí òru inú àwòrán wa fi ń tuni lára. Wọn kò kun ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lé e lórí; ibi tí aró kò dé ni ìmọ́lẹ̀.

Iná pupa tí ẹ máa ń rí lápá kan irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọdún Ọ̀ṣun ló ti wá, láti ara àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn kan ní ọdún 1962 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Dúró Ládípọ̀, eléré orí ìtàgé, dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí Ulli Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ àwòrán. Wọ́n fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì. Aró ti wà nílé. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, ẹ̀kọ tí àwọn aládìrẹ fi ń dí aró lọ́nà lòun náà fi ya aṣọ ńláńlá rẹ̀. Ẹ̀gbá ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, a kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni odò rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò aró?

Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Nike Okundaye gbé orúkọ Òṣogbo dé òkè òkun. UNESCO forúkọ igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Aró onílẹ́bú àti sódà ti gba ipò èlú àti eérú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìkòkò sì ti di báfù oníke. Àwọn tó ń ya odò òru sórí aṣọ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùpá: òun ni àbẹ́là kọ́kọ́ ń bò.