Láàárín “Èló ni?” àti Álẹ́ẹ̀tì: Ibi tí Owó Ti Ń Jò Nínú Ìsọ̀ Orí Fóònù

Bí wọ́n ṣe ń ṣí WhatsApp Business, ìyẹn WhatsApp tí wọ́n ṣe fún ọlọ́jà, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìsọ̀ sí i, kò ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Ọmọ iléèwé girama lè bá ènìyàn ṣe é. Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àárín ìgbà tí oníbàárà bá béèrè pé “Èló ni?” àti ìgbà tí álẹ́ẹ̀tì bá dún ni iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjà ń kú sí, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́jà kì í wò. Bí ọjà bá ti dákẹ́, ìpolówó ni wọ́n ń sáré lọ rà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń ta àdìrẹ láti Abẹ́òkúta ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó fi ₦20,000 polówó lórí Instagram, ènìyàn 100 béèrè iye aṣọ, mẹ́rin péré ló rà. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti jẹ ₦5,000 kó tó ra nǹkan kan. Bí ọ̀pá 5 bá jẹ́ ₦12,000, tí òun fúnra rẹ̀ sì rà á ní ₦9,000, ₦3,000 ni èrè. Ó ń pàdánù ₦2,000 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúpẹ́ pé ọjà ń yá! Bó bá tún kó ₦20,000 mìíràn lé e, àdánù ọ̀hún di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nínú àwọn 100 yẹn kan náà, mẹ́jọ rà á, ₦2,500 ni owó ìpolówó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦500 sì kù sápò. Agbè tó ń jò ni ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tó ń pààrà odò láì dí ihò ìdí agbè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń dá lóró.

Ihò tó tóbi jù níbẹ̀ ni gbólóhùn kan tó ti di àṣà: “Ẹ wá sí DM fún iye owó,” ìyẹn ni pé kí oníbàárà wá béèrè ní ìkọ̀kọ̀. Ìdí mẹ́ta ló wà lẹ́nu àwọn tó ń kọ ọ́. Wọ́n ní kí ẹni tí àwọn jọ ń ta ọjà kan náà má baà mọ iye tí àwọn ń tà á. Onítọ̀hún á kàn fi nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ béèrè ni. Wọ́n ní iye lè lé oníbàárà. Ẹni tí iye máa lé, yóò ṣì lọ bó bá gbọ́ ọ ní DM. Yóò kàn ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yín ná ni. Ìkẹta ló fẹ́ jọ òótọ́: wọ́n ní ọjà nínáná ni tiwa, ta ló ń kọ iye sára aṣọ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta?

Kò sí lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìtòkú dáadáa. Oníbàárà fọwọ́ kan aṣọ, ó ní “Ìyá, èló lẹ̀ ń ta eléyìí?” Kó tó pa ẹnu dé, ìyá aláṣọ ti dáhùn, ó ti tú aṣọ náà, ó ti nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kí wọ́n rí i pé aró kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Oníbàárà ní “Ẹ gba ẹgbàárùn-ún,” ìyá ní owó ẹ̀ ò pé, oníbàárà ṣe bí ẹni ń lọ, wọ́n pè é padà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Oòrùn ń pa oníbàárà, ẹsẹ̀ ń ro ó, kò wù ú kó tún wọ ìsọ̀ mìíràn. Ohun tó ń mú nínáná ṣiṣẹ́ nìyẹn: ojúkojú ni. Lórí fóònù, ẹni tó béèrè láago mẹ́wàá àárọ̀, tí èsì kàn án láago mẹ́ta ọ̀sán, ti ná ọjà ní ogún ìsọ̀ mìíràn láti orí ibùsùn rẹ̀. DM kì í ṣe Ìtòkú rárá. Ìsọ̀ tí wọ́n da aṣọ bo gbogbo ọjà inú rẹ̀ ni, tí ọlọ́jà ti lọ jẹun, tó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé “ẹ kanlẹ̀kùn, mo ń bọ̀.”

Iye tó wà lójú táyé kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má ná an. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018, pàápàá sọ pé ẹni tó bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà rí iye rẹ̀.

Catalogue inú WhatsApp Business, ibi tí ẹ ti lè pàtẹ ọjà pẹ̀lú iye rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó gba ọjà 500, ọjà kọ̀ọ̀kan sì gba àwòrán 10, àmọ́ mẹ́rin tó: aṣọ tí wọ́n tẹ́ gbalaja, ọnà rẹ̀ láti itòsí, ẹ̀yìn rẹ̀, àti ibi tí ènìyàn ti ró o mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí ẹ ti yà á láàárọ̀, kí ẹ gbé páálí funfun sí òdìkejì kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà. Gílóòbù tó ń tàn bí iná àtùpà máa ń sọ aró di dúdú. Bí aṣọ bá dé ọwọ́ oníbàárà, ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ èsì sílẹ̀ sínú quick reply, kí ẹ lè máa fi àmì / àti ọ̀rọ̀ kúkúrú kan pè é jáde. Èyí tó péye lè rí báyìí: “Ẹ káàsán o. Ọ̀pá 5, ₦12,000. Òwú ni. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nígbà àkọ́kọ́, omi aró díẹ̀ á jáde. Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn jẹ́ ₦2,500, ọ̀la ló máa dé. Èyí tó dúdú ni kí n gbé sílẹ̀ fún yín ni, àbí èyí tó mọ́lẹ̀?” Ẹ kíyè sí i pé owó ọkọ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹni tó ti fọkàn sí ₦12,000, tó wá gbọ́ ₦14,500 nígbà tó fẹ́ sanwó, á rò pé ẹ fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ẹ sì wo ìbéèrè ìparí: kò bi oníbàárà bóyá yóò rà, èwo ló bi í.

Níbi owó sísan, orúkọ àkáǹtì ló ń dẹ́rù bani. Bí ìsọ̀ bá ń jẹ́ orúkọ kan, tí àkáǹtì ń jẹ́ òmíràn, ẹ tètè sọ ọ́ kí oníbàárà má fi yín pe gbájúẹ̀. Líǹkì ìsanwó Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá ọlọ́jà gba owó lórí ayélujára, ń mú ojora kúrò: ìdá 1.5 nínú 100 pẹ̀lú ₦100 ni wọ́n ń yọ, ₦280 lórí ₦12,000. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi fọ́tò álẹ́ẹ̀tì gbé aṣọ fún dispatch. Inú àkáǹtì ni kí ẹ wò.

Ẹ̀dínwó ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn èyí. Ìdá 10 nínú ₦12,000 jẹ́ ₦1,200, ṣùgbọ́n inú èrè ₦3,000 ló ti ń jáde, ìdá 40 rẹ̀ ló lọ. Èènì sàn jù ú lọ fíìfíì: àjákù àdìrẹ tí wọ́n fi rán ohun ìdirun, owó òwú nìkan ló ná yín. Ẹ fi bébà kékeré sínú ẹrù náà, pé kí wọ́n fi nọ́ńbà yín pamọ́. Broadcast, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí WhatsApp, gba ènìyàn 256 lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹni tí kò fi nọ́ńbà ìsọ̀ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rò pé àwọn oníbàárà ń ṣe àwọn ní bojúbojú nìyẹn.

Ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́ta sí i: iye ẹni tó béèrè, iye ẹni tó gbọ́ àpapọ̀ owó, iye ẹni tó san. Bó bá jẹ́ pé láàárín àkọ́kọ́ àti ìkejì ni wọ́n ti ń dín kù, ẹ̀ ń pẹ́ dáhùn. Bó bá jẹ́ láàárín ìkejì àti ìkẹta, owó ọkọ̀ tàbí orúkọ àkáǹtì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Pẹ̀lú èrè ₦3,000, ẹni méje nínú 100 ló ń pa owó ìpolówó ₦20,000 dé. Tí ìlà kẹta kò bá tíì tó méje, ẹ jẹ́ kí ₦20,000 náà ṣì wà ní báńkì.