Ilé iṣẹ́ onípákó lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ilé iṣẹ́ onípákó jẹ́ ilé kékeré tí a ń kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí káfíńtà tàbí ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, tó sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ní àwọn ìlú olókè ilẹ̀ Yorùbá, bíi Ìdànrè, Abẹ́òkútà àti ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ onílé láti rí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ sí. Ohun méjì ló sábà máa ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́: omi tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè, àti ìpìlẹ̀ tí apá kan rẹ̀ rì ju èkejì lọ.

Wíwọn ilẹ̀

Rọ́bà gígùn oníhò tó mọ́ gaara, tí a bu omi sí, ni ọ̀pọ̀ bírìkìlà fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó. Bí a bá gbé ẹnu rọ́bà náà kan sára igi tó wà lápá òkè, tí a sì gbé èkejì sára igi tó wà nísàlẹ̀, ojú omi yóò dọ́gba ní ẹnu méjèèjì; ìyàtọ̀ tó wà láàárín gíga ojú omi sílẹ̀ lára igi méjèèjì ni bí ilẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ há sínú rọ́bà, torí yóò ṣi ìwọ̀n náà. Bí ilẹ̀ bá fi mítà 1 rẹlẹ̀ láàárín mítà 4, àwọn òpó ìsàlẹ̀ ilé tó gùn tó mítà 4 yóò fi mítà 1 ga ju ti òkè lọ.

Ìpìlẹ̀

Àwọn kan máa ń gé apá òkè ilẹ̀, wọn a sì fi yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kún apá ìsàlẹ̀ kí ojú ilẹ̀ lè tẹ́. Yẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kún máa ń rì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a gé kì í rì, nítorí náà ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ilẹ̀ ilé ti sábà ń sán. Ẹni tó bá yan ọ̀nà yìí ní láti máa kún yẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, kí ó sì gún un le kó tó kún òmíràn lé e. Ọ̀nà kejì ni ìpìlẹ̀ alákàsọ̀, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele bí ilẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀, tó sì bá ilé oníbúlọ́ọ̀kù mu.

Fún ilé onípákó, òpó ló dára jù, torí kò dí ọ̀nà omi, kò sì béèrè pé kí a da ilẹ̀ rú. Ihò òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọjá ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ lókè títí tí yóò fi dé ilẹ̀ líle tàbí yangí. Ìsàlẹ̀ ihò náà gbọ́dọ̀ tẹ́; bí ó bá tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀, kọnkéré inú rẹ̀ lè máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Kọnkéré tí a pò ní òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 4 tó fún iṣẹ́ yìí, a sì gbọ́dọ̀ máa bu omi rin ín fún ó kéré tán ọjọ́ 7. Níbi tí àpáta bá ti yọ síta, bó ti wọ́pọ̀ ní Ìdànrè, a lè lu ihò sínú àpáta fúnra rẹ̀, kí a fi sìmẹ́ǹtì de ọ̀pá irin mọ́ ọn.

Òpó tó ga nísàlẹ̀ nílò igi ìdábùú tí a kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ẹ̀rọ ìrẹ́gi máa ń mi ilé. Apá òkè, níbi tí òpó ti kúrú, ló yẹ kí ẹ̀rọ tó wúwo wà.

Omi

Kòtò kan gbọ́dọ̀ wà lókè ilé, tí yóò gba omi òjò kó tó dé ìdí òpó, tí yóò sì darí rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ síbi tí kò ti ní ya wọ ilé aládùúgbò. Bí ògiri bá wà tó ń di ilẹ̀ mú, a ń da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, a sì ń dá ihò sí i lára kí omi lè jáde, torí omi tó dúró sẹ́yìn ògiri lè tì í ṣubú. Àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà ẹ̀rùn, ló rọrùn jù láti gbẹ́ ilẹ̀.

Pákó àti òrùlé

Ìrókò, apá àti ọ̀pẹpẹ máa ń dènà ikán dáadáa. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹrà bí ó bá ń kan omi. Kò yẹ kí pákó kan ilẹ̀ rárá. Páànù ni a sábà fi ń bo orí rẹ̀, a sì máa ń kọ ẹnu ọ̀nà sí apá òkè, kí a lè gbé igi àti ẹ̀rọ wọlé láìgun àkàsọ̀.