Ṣé Ká Fi Kọnkéré Bo Odò Tó Wà Láàárín Ìlú Ni?

Nínú iṣẹ́ omi àti gọ́tà tí mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìbéèrè táwọn lándílọ́ọ̀dù máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹnjiníà, odò ẹ̀yìn ilé wa yìí ń rùn, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn, ṣé ìjọba ò lè fi kọnkéré bò ó pa, ká rí títì gbà, ká sì rí ibi kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí lórí ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni, ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ni pé rárá o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bò ó. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín dáadáa.

Kí wọ́n tó dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ lọ́dún 1990, tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ ò tíì kún gbogbo àdúgbò Under-G bó ṣe kún un lónìí, tójò bá rọ̀, ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu nínú ẹ̀, koríko á dá díẹ̀ dúró, àkùrọ̀ á gba tiẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù ló máa wá rọra wọ odò. Ní báyìí páànù ni, títì ọlọ́dà ni, íńtálọ́ọ̀kì ni, gbogbo ẹ̀ ò mu omi rárá. Ilé tó fẹ̀ ní mítà 10 tó sì gùn ní mítà 15, tí òjò tó jẹ́ mílímítà 50 bá rọ̀ sórí ẹ̀, lítà 7,500 ló máa dà sílẹ̀, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tó lé ní 37, láti orí ilé kan ṣoṣo o, ẹ wá ka iye ilé tó wà ládùúgbò yín. Ilẹ̀ tiwa níbí àti ní Ọ̀yọ́, àpáta ò jìnnà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti mu yó, ó ti yó nìyẹn, omi ìyókù máa di àgbàrá ni. Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń rí i pé odò tó jẹ́ pé ọmọdé lè fò kọjá láàárọ̀ máa kún dé ẹnu afárá kí òjò tó dá.

Tẹ́ ẹ bá wá bo irú odò bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ fún un pé ibi tó o lè fẹ̀ dé nìyí. Odò tó wà ní gbangba, tó bá kún, á tàn sétí ẹ̀, á dúró nínú àkùrọ̀ fún wákàtí díẹ̀, á tún padà. Èyí tó wà nínú àpótí kọnkéré ò ríbi tàn sí, ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn ló máa gbà jáde. Ohun kan tún wà tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn: tẹ́ ẹ bá yọ ríìngì kọnkéré tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó mítà kan kúrò nínú kọ́fáàtì, ìyẹn ihò tómi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tẹ́ ẹ fi oní-ìdajì mítà rọ́pò ẹ̀ torí owó, kì í ṣe ìdajì omi ló máa gbà, omi tó máa gbà ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Kí náílọ̀nù píọ̀ wọ́tà àti fóòmù àtijọ́ wá há sínú ẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ tójú ò rí, tí katapílà ò lè wọ̀, omíyalé àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn.

Ẹ̀fọn náà ńkọ́? Omi tó ń ṣàn dáadáa kọ́ ni ẹ̀fọn fẹ́, omi tó dúró ló fẹ́, ìdọ̀tí ló sì ń jẹ́ kí omi dúró, kódà inú gọ́tà tí wọ́n bò pa gan-an ni irú ẹ̀fọn kan ti ń pọ̀ sí i, torí ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì sẹ́ni tó ń gbá a. Òórùn yẹn náà, ẹ lọ wò ó dáadáa, ẹ máa rí páìpù ṣáláńgá ẹnì kan tó ń tú sínú odò. Ẹ tọ páìpù yẹn lọ dé ilé tó ti wá, kí onílé gbẹ́ sókàwéè tiẹ̀.

Ìbàdàn ò jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ ká wo tibẹ̀. Odò Ògùnpa ya lọ́dún 1963, ó tún ya lọ́dún 1978, nígbà tó wá di 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò rọ̀ fún wákàtí tó tó mẹ́wàá, èèyàn tó lé ní 200 ló bá a lọ. Odò yẹn ò ṣèèyàn ibi o, àwọn ilé ló ti wọ inú ọ̀nà ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi kọnkéré tẹ́ ẹ, iṣẹ́ náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún falẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé wọ́n ò bo èyí tó pọ̀ jù, ojú ń rí ìdọ̀tí tó bá há, wọ́n sì lè kó o. Àmọ́ ní 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àwọn odò mìíràn nígboro náà ló kún, omi ìdído Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá wó, èèyàn tó lé ní 100 kú. Ọdún 2014 ni Báǹkì Àgbáyé wá fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn. Gbèsè ni o, àwọn ọmọ wa ló máa san án.

Èyí tó wá wù mí kí gbogbo ẹni tó fẹ́ bo odò mọ̀ ni ti Seoul, olú ìlú Gúúsù Kòríà. Odò kékeré kan wà láàárín ìlú yẹn tó ń jẹ́ Cheonggyecheon. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ibẹ̀ di olú ìlú lẹ́yìn ọdún 1390 làwọn ọba wọn ti ń gbẹ́ odò náà, tí wọ́n ń mú un fẹ̀, lọ́dún 1760 Ọba Yeongjo kó èèyàn 200,000 jọ, ọjọ́ 57 ni wọ́n fi kó yanrìn kúrò nínú ẹ̀. Ogun wá jà níbẹ̀ láti 1950 dé 1953, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá fi pákó kọ́ ahéré sí etí odò, ìdọ̀tí pọ̀, ó ń rùn, ojú wá ń ti ìjọba, ohun tí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́ lohun táwọn lándílọ́ọ̀dù wa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọnkéré bò ó. Nígbà tó fi máa di 1976, wọ́n ti tún parí afárá gígùn kan lókè rẹ̀ fún ọkọ̀. Gbogbo ayé ń yìn wọ́n pé wọ́n ti lajú.

Kò pẹ́ kò jìnnà, irin inú kọnkéré bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà, owó àtúnṣe ń ga. Ẹni tó dupò olórí ìlú náà lọ́dún 2002, Lee Myung-bak, ṣèlérí pé òun máa ṣí odò náà padà, ó wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó afárá náà ní oṣù keje ọdún 2003, nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2005, kìlómítà 5.8 ti wà ní gbangba. Wọ́n ní gosíloò máa pa wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n tún ètò bọ́ọ̀sì ṣe lọ́dún 2004. Ooru ibẹ̀ wá dín kù sí ti títì tó wà nítòsí, ó kéré tán ní ìwọ̀n 3. Wọ́n fi ààyè sílẹ̀ débi pé odò náà lè gba òjò mílímítà 118 ní wákàtí kan. Àwọn ọlọ́jà tó wà níbẹ̀ jìyà o, wọ́n kó ọ̀pọ̀ kúrò, ìyẹn ò sì dùn mọ́ mi.

Ibi tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí omi tó tó nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi láti odò Han àti láti abẹ́ ilẹ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 120,000 lójúmọ́, kí odò tó lè ṣàn. Iná ẹ̀lẹ́tíríkì lójoojúmọ́ nìyẹn! Tiwa ṣì ń ṣàn fúnra ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, kọnkéré la wá fẹ́ fi pa á.

Nítorí náà ohun tí mò ń fẹ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ò tó owó Seoul rárá. Ẹ jẹ́ ká fi ààyè sílẹ̀ ní etí méjèèjì odò, kí kańsù fi òpó sàmì sí i, ká sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ìyá wa tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń bá wa ṣe, gbòǹgbò ewéko ń di ilẹ̀ mú, àgbàrá á sì dẹwọ́. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ìdído Erelú tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ yín, yanrìn tí àgbàrá bá wọ́ wọnú odò tó ń kún un, inú ìdído yẹn ló máa gúnlẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá sì ń kó yanrìn kúrò nínú odò, ẹ ṣe é lóṣù kẹta kí òjò tó dé, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà, àwọn kan máa ń kó o jọ sétí odò bẹ́ẹ̀ ni, òjò àkọ́kọ́ á sì dá a padà sínú ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, má lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, àgbàrá òjò ò lóun ò ní ilé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, ẹni tó ń tà á fún ẹ ò sì ní sọ ibi tó ń gbà. Lọ síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án lẹ́yìn òjò ńlá, wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí bóyá àmì ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kó o sì bi ìyá àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò ibi tómi máa ń dé.

Tí kọ́ńtírákítọ̀ bá wá ṣe kọ́fáàtì ládùúgbò yín, ẹ bi í pé òjò tó pọ̀ tó wo ló fi ṣe ìṣirò, àti pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó wo lómi ti ń wá síbẹ̀. Tó bá ní òun kàn ń ṣe é bí ti tẹ́lẹ̀ ni, ẹ lọ bá ẹnjiníà kańsù kí wọ́n tó po kọnkéré.