Ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ kí ẹ tó pa géèmù rẹ́

Nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, géèmù bọ́ọ̀lù ti dé ìṣẹ́jú 88. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbá a sáwọ̀n, ojú láptọ́ọ̀pù bá ṣú, géèmù pòórá. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé wọ́n á pa géèmù náà rẹ́, wọ́n á tún un dáńlóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀. Dátà bíi 50GB á lọ, géèmù á sì tún já níbi tó já sí lánàá.

Bẹ́ẹ̀, Windows, macOS àti Linux, àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sábà máa ń kọ bí géèmù ṣe já sílẹ̀. Ibi tí kálukú ń kọ ọ́ sí ló yàtọ̀.

Ti Windows wà nínú Event Viewer. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ R, ẹ kọ eventvwr, ẹ ṣí Windows Logs, kí ẹ wọ Application. Ẹ wá àmì pupa tí aago rẹ̀ bá ìgbà tí géèmù já mu. Exception code 0xc0000005 wọ́pọ̀ níbẹ̀: géèmù na ọwọ́ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú mẹ́mórì, Windows sì pa á. Ṣùgbọ́n kóòdù yẹn ò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Faulting module name, ìyẹn orúkọ fáìlì tí géèmù wà nínú rẹ̀ nígbà tó já, ló sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí nvwgf2umx.dll, dráífà NVIDIA (ètò tó ń darí káàdì àwòrán) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ DiscordHook64.dll, ẹ pa overlay Discord (ojú ètò ìtàkùrọ̀sọ Discord tó ń hàn lórí géèmù), kí ẹ tún gbìyànjú. Géèmù tó ń sọ pé òun ò rí MSVCP140.dll kì í tilẹ̀ ṣí. Visual C++ Redistributable ti Microsoft, àkójọ fáìlì tí géèmù nílò, ló ń wá, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ má lọ wa fáìlì dll ẹyọ kan látorí ìkànnì tí ẹ ò mọ̀ o.

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló kú pátá, Application lè má sọ nǹkan kan. Ẹ wo System nínú Windows Logs, ẹ ó bá Kernel-Power 41 níbẹ̀: ẹ̀rọ náà kú láì dágbére. Bí bátìrì tòkunbọ̀ bá ti kú, ó lè jẹ́ pé wọ́n mú iná lọ ni. Ó sì lè jẹ́ ooru, pàápàá bó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí tìmùtìmù dí ojú fáànù rẹ̀.

Iná tó lọ nígbà tí ẹ ń dáńlóòdù géèmù lọ́wọ́ tún lè ba fáìlì jẹ́. Lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọ Properties géèmù náà, Installed Files, kí ẹ tẹ Verify integrity of game files. Á yẹ fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bàjẹ́ nìkan ni á gbà padà. Ẹni tó ń fi fóònù pín dátà mọ ohun tíyẹn jẹ́.

Ti macOS kò gùn: ẹ ṣí Console, ẹ wo Crash Reports. Bó bá jẹ́ géèmù àtijọ́ tó jẹ́ 32-bit, ẹ má wulẹ̀ ka nǹkan kan. Láti ẹ̀dà macOS tó ń jẹ́ Catalina, ọdún 2019, Apple ti ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn.

Lórí Linux, inú Proton, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, tí Valve tó ni Steam gbé jáde ní 2018, ni ọ̀pọ̀ géèmù Windows ń gbà. Ẹ kọ PROTON_LOG=1 %command% sí Launch Options nínú Properties géèmù náà lórí Steam; fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú steam- á yọ nínú fódà home. Bí ìyẹn ò bá sọ nǹkan gidi, ẹ kọ journalctl -k sí Terminal. Bí ẹ bá rí "Out of memory: Killed process" pẹ̀lú orúkọ géèmù, géèmù ò ṣẹ̀. Mẹ́mórì ló tán, Linux wá ẹni tó ń jẹun jù, ó pa á. Lórí ẹ̀rọ 4GB, Chrome tí ojú ewé 20 ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ pa dé.