Iṣẹ́ tí dífáréńṣà ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ yín

Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí táyà òde ń rìn máa ń gùn ju ti inú lọ. Ká ní mítà 1.5 ló wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì. Bí ọkọ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà òde á ti fi nǹkan bíi mítà 9.4 rìn ju ìkejì rẹ̀. Ì báà jẹ́ kọ́nà tó fẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó há, iye yẹn kò ní yàtọ̀. Ká wá sọ pé irin kan gbọọrọ ló de àwọn méjèèjì pọ̀: ní gbogbo kọ́nà, ọ̀kan nínú wọn á máa wọ́ nílẹ̀, táyà á máa jẹ, irin á máa lọ́, ọkọ̀ á sì máa kọ̀ láti yí.

Dífáréńṣà ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Onésiphore Pecqueur, ará Faransé kan, ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí ṣáájú 1830, nígbà tí kò tíì sí ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń fa ọkọ̀ yín, òun ni irin rìbìtì tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ti iwájú, inú gíábọ́ọ̀sì ló wà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi rò pé ọkọ̀ àwọn kò ní. Gíà kékeré kan ló ń yí gíà ńlá, gíà ńlá á sì máa yí ilé kan tí àwọn gíà kéékèèké wà nínú rẹ̀, láàárín gíà ọ̀tún àti ti òsì. Lójú ọ̀nà tó gún, àwọn gíà kéékèèké yìí kì í yí lórí ara wọn. Ní kọ́nà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yí: iye tí wọ́n bá dín kù lára táyà inú náà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń fi kún ti òde. Tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì ní ṣọ́ọ̀bù, tó dúró dáadáa lórí irin agbéró, tó sì wà nínú gíà, ẹ fọwọ́ yí táyà kan. Ìkejì á yí padà sẹ́yìn lójú yín.

Ibi tó ti ń dun àwọn awakọ̀ ni inú ẹrẹ̀. Táyà kan ń yí fìrìfìrì, èyí tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ dúró gbári. Bákan náà ni dífáréńṣà lásán ń pín agbára fún ọ̀tún àti òsì. Táyà inú ẹrẹ̀ kò rí nǹkan dì mú, agbára táṣẹ́rẹ́ ló lè gbà. Táṣẹ́rẹ́ yẹn náà ló ń dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ iná mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀ tó ń ka eré láti ara gíábọ́ọ̀sì, bí agogo bá ń ka 60, táyà tó ń yí ní òun nìkan yẹn wà ní 120. Àwọn gíà kéékèèké á gbóná, ọ́ìlì á fọ́n kúrò lára wọn, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Pákó tàbí òkúta lábẹ́ táyà sàn jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ń fi bíréèkì mú táyà tó ń yọ̀ fúnra rẹ̀, kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ ìkejì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo mú lọ́kàn jù. Eyín gíà dífáréńṣà ẹ̀yìn kì í kàn pàdé lásán, wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú agbára ńlá, nítorí náà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò lè bá wọn ṣe é. Ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, àmọ́ ìwé ọkọ̀ yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì nù, ẹ wo òòfà orí rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó kúnná kì í ṣe ewu. Bí ẹ bá rí èérún irin tí èékánná lè ṣà, eyín kan lè ti kán nínú ibẹ̀. Ní ti àwọn tó ń lo ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ iwájú, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì ni dífáréńṣà sábà máa ń mu.

Ẹ má sì de táyà tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba sí ọ̀tún àti òsì, torí dífáréńṣà kò ní sinmi mọ́, kódà lójú ọ̀nà tó gún.

Bí ó bá ń kùn, tí ohùn rẹ̀ ń yí padà bí ẹ bá tẹ iná tàbí tí ẹ ká ẹsẹ̀ kúrò, ẹ fura sí eyín gíà ńlá tàbí béárìn. Bó bá jẹ́ ní kọ́nà nìkan ló ń dún, àwọn gíà kéékèèké lè wà lára ohun tó ń dún. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún mẹkáníìkì, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ́kọ́ wo bóyá ọ́ìlì ń jò kó tó tú ohunkóhun.